Lẹ́tà tó sanra tó tún fì: ẹ má fi kọ ọjọ́ ìsìnkú mọ́

Fìdítì sí Ìlọrà kò jìnnà. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kò ní í pẹ́ dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá mi àgbà, tó ń gbé ní Fìdítì, fi pẹ́ dé ibi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrà lọ́dún tó kọjá. Ara rẹ̀ le, owó ọkọ̀ wà lápò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Pósítà ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Wọ́n lẹ pósítà ìsìnkú náà mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe nílẹ̀ wa. Àwòrán olóògbé wà láàárín, orúkọ rẹ̀ wà lókè, ètò ìsìnkú wà nísàlẹ̀. Oríṣi lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀: lẹ́tà tó sanra, tó fì sí apá ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ sáré, tí wọ́n sì tún fi àwọ̀ pupa ṣe òjìji sí lẹ́yìn. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù, ni wọ́n fẹ́ sin bàbá náà. Wọn kò kọ Ọjọ́bọ̀ síbẹ̀, nọ́ńbà 16 nìkan ni wọ́n kọ. Nítorí pé lẹ́tà náà sanra jù, tí íǹkì sì ti dí ẹnu 6 yẹn pa, 18 ni bàbá mi àgbà kà. Nígbà tó ṣírò ọjọ́, Sátidé ni ọjọ́ kejìdínlógún bọ́ sí. Òkú ṣíṣe sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tí kò fi bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà. Nígbà tó débẹ̀, àga àti kánópì ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀. Òkú ti wọlẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lọ, ìwé Aláwìyé kan náà ni wọ́n fi mọ ìwé kà. Ọ̀rẹ́ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nìyẹn, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Nígbà tí mo lọ kí i nílé, ohun tó sọ fún mi lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ọmọ mi, ojú mi ò fọ́, lẹ́tà yẹn ló ń sáré."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí kì í ṣe bàbá mi àgbà nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Láti Awẹ́ dé Akínmọ̀ọ́rìn, láti Fìdítì dé Ìlọrà, agbára káká ni èèyàn fi máa rìn títí kó má rí lẹ́tà yìí lára ògiri: pósítà òkú, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, ìkéde ẹgbẹ́, àwòrán àwọn olóṣèlú. Èrò tèmi ni pé lẹ́tà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì dára. Ṣùgbọ́n a ti gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lé e lórí, àwọn àgbà ló sì ń jìyà rẹ̀.

Mo tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe irú pósítà bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn oníbàárà ló ń béèrè fún un. Wọ́n á ní kí ó hàn, kí ó pariwo, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ rí i. Bí òun bá fi lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, tó mọ níwọ̀n, ṣe é, wọ́n á ní òun kò ṣiṣẹ́ tó iye owó tí àwọn san. Mo gbà á gbọ́. Owó tí Yorùbá ń ná sórí òkú àgbà kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá sì ná irú owó bẹ́ẹ̀ á fẹ́ kí aráyé mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dá àwọn atẹ̀wé nìkan lẹ́bi.

Irú lẹ́tà wo ni lẹ́tà yìí gan-an? Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn atẹ̀wé fi ń pè é ni bold italic, èyí tí kò bá sì lẹ́sẹ̀ nínú wọn ni wọ́n ń pè ní sans-serif. Ẹ mú Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kan wò. Igi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kéékèèké nísàlẹ̀ àti lókè, bí òpó ilé tó jókòó lórí òkúta. Èyí tí à ń sọ yìí kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gé e ṣá, bí ẹni fi àdá gé igi. Ó sanra, ó sì tún fì. Ohun mẹ́ta ló pàdé lára rẹ̀, wọn kò sì jọ dé lọ́jọ́ kan náà.

Fífì ló kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1501, ní ìlú Venice nílẹ̀ Ítálì, atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Aldus Manutius tẹ àwọn ìwé kékeré tí èèyàn lè mú lọ́wọ́ rìn. Francesco Griffo ló gé lẹ́tà náà fún un, wọ́n sì ṣe é kí ó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà. Tínínrín ni lẹ́tà ọ̀hún, kò sanra rárá. Nígbà tó yá, àwọn atẹ̀wé padà sí lẹ́tà tó dúró fún ìwé gígùn, wọ́n wá fi èyí tó fì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n bá fẹ́ yà sọ́tọ̀. Ọdún 1816 ni William Caslon kẹrin gbé lẹ́tà aláìlẹ́sẹ̀ jáde fún àwọn atẹ̀wé ní London, lẹ́tà ńlá nìkan ni, kò sí kékeré níbẹ̀. Ara ìkéde àti ìpolówó ọjà ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Láyé tiwa yìí, Helvetica tí wọ́n ṣe ní Switzerland ní 1957 àti Arial tí wọ́n ṣe ní 1982 wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Arial bá ètò Windows wọlé ní 1992, bí ó ṣe rọra dé inú kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé wa nìyẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Nínú púpọ̀ lára àwọn lẹ́tà aláìlẹ́sẹ̀, èyí tó fì kì í ṣe lẹ́tà tí wọ́n jókòó yà lákọ̀tun. Èyí tó dúró ni wọ́n tì kí ó tẹ̀ síwájú. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe lẹ́tà náà kò tilẹ̀ ṣe èyí tó sanra tàbí èyí tó fì mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò mú un sanra, tí yóò sì tì í. Bí ó bá ṣe ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni ihò tó wà nínú 6, 8, 9, a àti e yóò máa kún. Tí wọ́n bá wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí íǹkì rẹ̀ ń ṣàn jù, ihò náà á dí pátápátá. Bí 16 ṣe di 18 nìyẹn.

N kò sọ pé lẹ́tà náà kò wúlò o. Ẹ wò ó lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ọsàn kúrò ní Fìdítì lọ sí Ìbàdàn, ó yẹ ibẹ̀. Ọkọ̀ ń sáré, lẹ́tà náà ń sáré, wọ́n bára mu. Ó yẹ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó yẹ "Ẹ ṢỌ́RA" lára agolo oògùn apakòkòrò, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì yẹn nìkan ni wọ́n fi kọ. Ó yẹ àkọlé ìròyìn tó gbóná. Ìwà rẹ̀ ni pé ó máa ń yára, ó sì máa ń pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn láti òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà yìí.

Àwa tí a múlé gbe Ọ̀yọ́, a mọ ìlù. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sọ ara wọn di ìyáàlù, ariwo nìkan ni yóò kù, ẹni tí wọ́n ń kì kò sì ní gbọ́ oríkì rẹ̀. Lẹ́tà tó sanra tó tún fì ni ìyáàlù ojú ìwé. Ẹyọ kan ti tó. Nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára pósítà bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kò ní mọ èwo ni kó kọ́kọ́ wò. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àwọn tó ṣe pátákó ojú títì fún àwọn òyìnbó mọ èyí dájú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe pátákó tuntun sí ojú ọ̀nà wọn láti nǹkan bí ọdún 1957, Jock Kinneir àti Margaret Calvert ni iṣẹ́ náà já lé lọ́wọ́. Lẹ́tà aláìlẹ́sẹ̀ ni wọ́n yà, ó sì nípọn níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ó dúró ṣánṣán, wọ́n fi àyè sáàárín lẹ́tà kan sí èkejì, wọn kò sì fi lẹ́tà ńlá kọ orúkọ ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fẹ́ kí awakọ̀ tó ń sáré lè kà á kó tó kọjá. Nígbà tó di ọdún 1965, òfin gbé pátákó náà kalẹ̀ fún ojú ọ̀nà gbogbo ní ilẹ̀ Britain. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń sáré nínú ọkọ̀, lẹ́tà tó dúró ni wọ́n kọ fún un. Kí ló wá dé tí a fi ń kọ èyí tó ń sáré fún bàbá arúgbó tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú ògiri?

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti àmì orí lẹ́tà àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn baba wa ṣiṣẹ́ kárakára kí wọ́n tó rí àmì wọ̀nyí gbé kalẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣòògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1875, àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan tún gbé àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, nígbà tó sì di 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ọmọ ń kọ́ nílé ìwé. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ohun tó wà lẹ́nu wa àti ohun tó wà nínú ìwé má yàtọ̀ síra.

Ẹ wá wo ohun tí pósítà ń ṣe sí iṣẹ́ yẹn. Bí àwọn àgbẹ̀ bá fi lẹ́tà ńlá tó sanra tó fì kọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sára pátákó láìsí àmì, EGBE AGBE ni yóò wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ ni. Àlejò tí kò mọ̀ wọ́n lè kà á sí ègbé, ègbé kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. ASO EBI tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, ṣé aṣọ ẹbí ni àbí aṣọ ebi? Ti orúkọ èèyàn ló wá burú jù. Òjó jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Òjò ló ń rọ̀. Ọjọ́ ni à ń kà. Ojo sì ni ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di OJO lára pósítà. Ọmọ wo ló fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lọ máa pe baba òun ní ojo lẹ́yìn tó ti kú?

Atẹ̀wé yóò sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò gbà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ ní ibùgbé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní ibùgbé kan pàtó, àmì ni a ń tò mọ́ wọn lára. Kí àmì náà tó jókòó dáadáa, ẹni tó ṣe lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí yóò jókòó hàn án. Àwọn kan ṣe èyí fún lẹ́tà tó dúró, wọn kò sì ṣe é fún èyí tó sanra tó fì. Àmì á wá fò kúrò lórí lẹ́tà kan lọ sórí èkejì. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà á yá lẹ́tà mìíràn lò, ẹ ó sì rí Ọ kan tó rù, tó dúró ṣánṣán láàárín àwọn tó sanra tó sì fì, bí àlejò tó ṣìnà wọ agboolé. Nígbà tí atẹ̀wé bá rí i pé kò dára lójú, yóò kúkú yọ àmì náà dànù. Mo tún ti rí ibi tí wọ́n ti fa ìlà sábẹ́ orúkọ, tí ìlà náà sì gbé gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà mì.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó láyé àtijọ́ kò ní irú ìṣòro yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ tán, ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n fi ń tọ́ àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ. Àwọn akọ̀wé tó lo tàìpùráítà ń fi bírò tọ́ tiwọn sí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Ẹ̀rọ wa ti dára ju tiwọn lọ, kò yẹ kí iṣẹ́ wa burú ju tiwọn lọ.

Àwa oníwèé ìròyìn náà kò gbọdọ̀ máa nàka sí atẹ̀wé nìkan. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé kí àkọlé fa ojú òǹkàwé mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n bá wa sọ lórí àmì èdè Yorùbá. Èmi náà ti fi lẹ́tà tó sanra tó fì kọ odindi ìpínrọ̀ kan rí, nítorí mo rò pé ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Nígbà tí bàbá mi àgbà gba ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ mi, ó ka àkọlé, ó fo ìpínrọ̀ yẹn, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀. N kò sọ nǹkan kan.

Àwọn kan yóò ní kí àwọn àgbà lọ ra awò ojú. Òótọ́ ni pé ojú ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kì í rí ohun tó wà nítòsí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, awò sì ń ṣèrànwọ́. Bàbá mi àgbà ní awò, ó sì wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tó ka pósítà yẹn. Awò kò lè la ẹnu 6 tí íǹkì ti dí. Àwọn mìíràn á ní pósítà ti ń kógbá sílé, orí fóònù ni àwọn ọmọ ti ń kéde òkú báyìí. Àwòrán pósítà yẹn kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó wá tún kéré sí i.

Ìmọ̀ràn tí mo ní kò gba owó púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ pósítà, kí ó fi lẹ́tà tó sanra tó fì sílẹ̀ fún ìlà kan ṣoṣo lókè, bíi "Ó DÌGBÓṢE". Orúkọ, ọjọ́, aago àti ibi tí ètò yóò ti wáyé, kí wọ́n fi lẹ́tà tó dúró kọ wọ́n, kí àyè sì wà láàárín wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ mọ́ nọ́ńbà rẹ̀: "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16". Bí ìkan bá ṣini lójú, èkejì á tọ́ni sọ́nà. Kí ẹbí kọ orúkọ olóògbé sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí wọ́n fún atẹ̀wé. Bí lẹ́tà tó mú kò bá gba àmì, kí ó pààrọ̀ lẹ́tà, kí ó má yọ àmì. Google ń fúnni ní lẹ́tà kan lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ Noto Sans. Aláìlẹ́sẹ̀ ni, ó ní èyí tó dúró àti èyí tó sanra tó fì, ó sì gba àmì Yorùbá lókè àti nísàlẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ ní kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan kó tó tẹ ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ lẹ ẹyọ náà mọ́ ògiri, kí ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí ó dúró ní ìwọ̀n ibi tí àwọn èèyàn yóò máa dúró sí, kí ó sì kà á sókè. Bí ó bá ka ọjọ́ àti orúkọ láìṣìnà, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá lè kà á, kò tíì tó tẹ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́, àwọn olùṣọ́àgùntàn àti àwọn àáfà lè ṣe irú rẹ̀ fún pátákó tiwọn.

Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Afijió gan-an, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n kó jọ tó fi di orúkọ: A ti Awẹ́ wà níbẹ̀, F ti Fìdítì wà níbẹ̀, I ti Ìlọrà wà níbẹ̀. Àwa tí lẹ́tà so pọ̀ báyìí, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń tọ́jú lẹ́tà.

Ní ọdún yìí, ìrántí ọdún kan ọ̀rẹ́ bàbá mi àgbà yóò wáyé ní Ìlọrà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì tún tẹ pósítà. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọjọ́ rẹ̀ kó dúró. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Bàbá mi àgbà ti ní kí wọ́n lọ fọ agbádá òun.